Ìdáhùn lórí àwọn ọ̀rọ̀ oko ẹran: “àkìkan” ni, kì í ṣe “koríko jíjẹrà”

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n wa dá fún àwọn tó ń sin ẹran díẹ̀ níbi tí ooru ti ń mú: “koríko gbígbẹ” fún koríko tí a sá gbẹ pamọ́, “koríko jíjẹrà” fún èyí tí a gé ní tútù tí a dì pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, “ẹran onínúmẹ́rin” fún màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti irú wọn, àti “ìjẹko àyípo” fún kíkó ẹran láti abala pápá kan bọ́ sí òmíràn. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn lé wọn lórí, torí ohun tí ọ̀rọ̀ bá wí ni ẹni tó ń sin ẹran yóò fọwọ́ ṣe.

Èyí tó ká mi lára jù ni “jíjẹrà”. Ohun tó bá jẹrà ti bàjẹ́. Koríko tí a dì sínú àpò tàbí kòtò yìí kò bàjẹ́ rárá, ṣe ló kan. Àwọn bakitéríà tó wà lára ewé ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, wọn kò sì nílò afẹ́fẹ́ láti ṣe é. Bí ásíìdì náà bá pọ̀ tó, tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, bá sún mọ́ 4, àwọn tó ń mú nǹkan rà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, koríko á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Jíjẹrà gan-an ni gbogbo làálàá yìí ń lé sá! Ká wá fi í sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, kí ni ẹni tó ṣí àpò rẹ̀, tó rí i pé ó ti bu, tó sì ń rùn, máa rò? Á rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, á dà á síwájú ẹran. Èyí tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ẹran, oyún sì lè bàjẹ́ lára èyí tó lóyún.

Ẹlòmíràn ní ká kúkú máa pè é ní “sáílẹ́jì”. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, bakitéríà àti ásíìdì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yìí. Ṣùgbọ́n sáílẹ́jì kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò rí i rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ni “àkìkan”: ohun tí a kì títí tó fi kan. Kà àti yé ló bí àkàyé, sè àti jẹ ló bí àsèjẹ. Ọ̀nà kan náà ni kì àti kan gbà. Mo fẹ́ kí “kì” wà níbẹ̀ torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Koríko ilẹ̀ olóoru máa ń ní igi líle, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì tó ti koríko ilẹ̀ tútù. Afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sáàárín igi náà. Ìdí nìyí tí a fi ń gé e kéékèèké, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, tí a ń jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ dín kù, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele kí a tó dì í pa. Àwọn mìíràn ń wọ́n omi dúdú tó ṣẹ́kù nínú ìrèké lẹ́yìn ṣíṣe ṣúgà sí i, kí àwọn bakitéríà lè rí nǹkan jẹ. A kì í sáábà ṣí i kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ “àkìkan” ti gbọ́ ìdajì iṣẹ́ náà.

Wọ́n lè sọ pé ọbẹ̀ tó bá kan, dídànù ni. Òótọ́ ni, àmọ́ wàrà kíkan ńkọ́? Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ mú kan yàtọ̀ sí ohun tó kan mọ́ wa lọ́wọ́.

“Koríko gbígbẹ” kò burú, ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀. Koríko tó dàgbà, tó gbẹ lórí ìdúró nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, gbígbẹ lòun náà. Purotéènì irú rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn bakitéríà inú ikùn ẹran kò rí oúnjẹ tó mọ́, ẹran kò sì ní lè jẹ púpọ̀, ì báà dúró sáàárín koríko. Èyí tí a gé nígbà tó ṣì ní ewé tó dára, tí a sá sóòrùn títí omi inú rẹ̀ kò fi ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nǹkan mìíràn pátápátá ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “àságbẹ”.

Ti onínúmẹ́rin kò gba àríyànjiyàn gígùn. Ikùn kan ni ẹran náà ní, yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ràkúnmí tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ìyẹn ni pé ó ń pọ oúnjẹ padà sẹ́nu láti tún un jẹ, tó sì jẹ́ pé yàrá mẹ́ta ni tirẹ̀. Léfítíkù 11 ti fún wa ní “jẹ àpọ̀jẹ” tipẹ́. “Ẹran ajàpọ̀jẹ” tó.

“Àyípo” ni mi ò tí ì rí ojútùú rẹ̀. Ó gbé ojú wa lé ẹran tó ń yí ká, nígbà tó jẹ́ pé koríko ló yẹ ká máa wò. Bí ẹran bá padà já ọ̀mùnú tuntun kí gbòǹgbò tó gba okun, koríko á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí ẹran kò fi gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí abala kan nígbà òjò. Ọ̀rọ̀ aràn tún wà níbẹ̀: níbi tó móoru tí ọ̀rinrin sì wà, ẹyin aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn lè di ọmọ aràn tó lè wọ ẹran láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìsàlẹ̀ koríko sì ni púpọ̀ nínú wọn ń wà. Ẹni tó kàn ń yípo lè dá ẹran padà sí àárín wọn. Mo rò “ìjẹko alábala”, àmọ́ abala nìkan ló sọ, kò sọ ìsinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé ìsinmi koríko síwájú, tó sì ṣeé sọ lẹ́nu láìfi ahọ́n kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá.