Kì í ṣe àwọ̀ irọ́, àwọ̀ àrẹ ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní kí a pe àwọ̀ ara àwòrán tí Hubble, awò ńlá tí ń yí ayé po lókè, ń yà ní "àwọ̀ irọ́". Ẹlòmíràn ní "àwọ̀ ayédèrú" ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a kọ ìkankan nínú méjèèjì sínú ìwé ọmọ. Ayédèrú ni à ń pe oògùn tí ń pa ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Ìbàdàn níbí gbọ́ "àwọ̀ irọ́" lẹ́ẹ̀kan péré, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n kàn fọwọ́ yà á ni?" Ó dùn mí gan-an.

Kámẹ́rà inú awò bẹ́ẹ̀ kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Iye ìmọ́lẹ̀ tó bà á ló ń kà, nítorí náà àwòrán dúdú, funfun àti aláwọ̀ eérú ló ń jáde. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé asẹ́ sí, èyí tí ń jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ kan kọjá, tí ń dá ìyókù dúró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo "asẹ́", torí ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí mọ̀ pé ohun kan ń kọjá, èèrí ń dúró. Asẹ́ mẹ́ta, àwòrán mẹ́ta. Lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n tó tò wọ́n léra.

"Rẹ" inú adìrẹ ni mo ń sọ. Aláró kọ́ ló hun aṣọ. Òwú ti wà, ọnà tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà ti wà, aró ló mú un hàn. Adìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Màpó lára. Ta ló jẹ́ pè é ní aṣọ irọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó pa Màpó gan-an láró?

Òpó mìíràn ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: òpó gáàsì àti eruku inú ìkúukùu Ẹyẹ Idì, láàárín àwọn ìràwọ̀, tí Hubble yà ní 1995. Asẹ́ mẹ́ta mú ìmọ́lẹ̀ imí-ọjọ́, ti háídírójìn àti ti ọ́síjìn. Bí a bá fi nánómítà wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn, ti imí-ọjọ́ wà ní nǹkan bí 672, ti háídírójìn ní 656. Pupa ni ojú ènìyàn máa pe méjèèjì. Àwọn ọmọ gba àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, wọ́n kọ́kọ́ rẹ méjèèjì ní pupa. Gbogbo rẹ̀ pọ́n fòò, a ò mọ ibi tí gáàsì kan parí sí. Ìgbà tí wọ́n fi pupa sílẹ̀ fún imí-ọjọ́, tí wọ́n fún háídírójìn ní àwọ̀ ewé, tí ọ́síjìn gba búlúù, ni etí òpó yọ kedere. Kíláàsì pariwo!

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, torí nǹkan méjì la ti ń dà pọ̀. "Àwọ̀ àrẹ" ni kí a pe ti gbogbo àwòrán tí a fi asẹ́ yà tí a sì rẹ, kódà bí pupa bá wà nípò pupa. "Àwọ̀ àyàn" ni kó jẹ́ ti èyí tí a yan àwọ̀ mìíràn fún, kí ojú lè dá ohun tó jọra mọ̀. Púpọ̀ nínú àwòrán James Webb, awò ńlá mìíràn tó wà lójú òfuurufú, tí ń kó ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, àyàn ni.

Bàbá kan ti sọ pé "àrẹ" sún mọ́ "àárẹ̀" àti "Ààrẹ" jù. Òótọ́ ni, sà, bí a bá kọ̀ láti fi àmì ohùn sí i. "Àpaláró" tí ẹ dábàá dùn létí, ṣùgbọ́n aró nìkan ló mọ̀, pupa kò sí nínú rẹ̀.

Ó ku yẹ́lò tí pupa àti àwọ̀ ewé ń bí lórí kọ̀ǹpútà. Pupa ni ìyá àgbà mi ì bá pè é, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí imí-ọjọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn aláró ń pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí a tó wọlé ní Mọ́ńdè.