Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ara wa láàárọ̀: kí ni kí n máa sọ?

Aláró_Ìtòkú:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Adìrẹ ni mò ń ṣe níbí ní Abẹ́òkúta, ní Ìtòkú ni mo ti ń tà á. Láti ìgbà tí aṣọ funfun ti gbówó lórí ni oorun mi ti dàrú. N óò ta jí láàárín òru, àyà mi á máa já, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò gbèsè títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá fi mí sínú gúrúpù WhatsApp kan. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. A óò dúró síwájú dígí, a óò kà á sókè pé olówó ni wá, pé owó ló ń wá wa kiri, pé a kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Ẹnu mi ń kà á, àmọ́ inú mi ń dáhùn pé, "Olówó wo? Ẹni tó ta aṣọ fún ẹ láwìn ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí." Bí mo bá fi máa kà á tán, ara mi á ti wúwo ju bí mo ṣe jí lọ.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, bí wọ́n bá jí, wọn kì í tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí, wọ́n á ní: "Orí mi, sìn mí lọ, sìn mí bọ̀. Òní á san mí. Ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi pàdé aburú." Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n o, Sáàmù 121 ni wọ́n sì máa ń kà tẹ̀lé e. Èyí ni ọkàn mi ń fà sí. Àwọn ará gúrúpù ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àtijọ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan ńlá kó sọ nǹkan ńlá. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Ìjẹ̀bú:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ìyá ẹ kọ́ ẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sóòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Ohun tí ìyá ẹ ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń bẹ orí wọn kí wọ́n tó lọ bá ẹlòmíì lọ́jà.

Nígbà tí a bá ń wúre, a kì í purọ́ fún ara wa. A óò mú orógbó, a ní ká gbó. A óò mú obì, a ní kó bi ikú, kó bi àrùn dànù. A óò tọ́ oyin lá, a ní kí ọjọ́ wa dùn. Ẹni tó ń tọrọ mọ̀ pé nǹkan náà kò tíì tẹ òun lọ́wọ́, ìyẹn ni kò fi sí ohun tí inú rẹ̀ máa bá a jà lé lórí. Sáàmù tí wọ́n ń kà yẹn gan-an, ṣé o rántí pé ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ gbójú sókè, ó ń béèrè ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti máa wá, kó tó wá dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ohun kan tí dígí kò lè ṣe fún ẹ ni kó ṣe àṣẹ. Ìwúre ń fẹ́ elégbè. Bí àwọn ọmọ bá wà nílé, wúre létí wọn, kí wọ́n máa dáhùn pé "àṣẹ" tàbí "àmín", èyíkéyìí tó bá wù yín. Ní ilé wa, ọmọ tó kéré jù ló máa ń pariwo rẹ̀ jù, ara á sì yá gbogbo ilé.

Nọ́ọ̀sì_Leeds:
Ẹ kú àárọ̀ mà. Ilé ìwòsàn àwọn tó ní àárẹ̀ ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ohun tó ń ṣe yín níwájú dígí yẹn, àwọn onímọ̀ ti rí irú ẹ̀. Lọ́dún 2009, Joanne Wood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tó yẹ ká nífẹ̀ẹ́ ni àwọn. Àwọn tí kò fojú tó dáa wo ara wọn tẹ́lẹ̀, inú tiwọn bà jẹ́ sí i. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kéré.

Claude Steele ní Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀nà míì kalẹ̀ lọ́dún 1988: kí èèyàn rántí ohun tó ṣe iyebíye sí i lóòótọ́, bí ẹbí, ìgbàgbọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀. Ẹ lè sọ pé, "Mo mọ adìrẹ ṣe. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́." Inú yín ò lè jiyàn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, àyà tó ń já lóru àti àìrí oorun sùn, ẹ má fi mọ sórí àdúrà nìkan. Aro, ilé ìwòsàn àárẹ̀ ọkàn tó wà ní Abẹ́òkúta, wà nítòsí yín. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, mo sì kórìíra bí a ṣe ń fi bú ara wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀ lọ́dún 1954. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn èèyàn wọn ní abúlé, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Fátímà ọmọ Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá wọn, ọlọ tó ń lọ̀ ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó wá ní kí bàbá òun fún òun ní ìránṣẹ́. Alẹ́ ni bàbá wá bá òun àti Aliyu ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n ṣe Subhanallah ní 33, Alhamdulillah ní 33, Allahu Akbar ní 34, pé ìyẹn lóore fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ.

Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ ni wọ́n fún. Mo máa ń ronú sí i gan-an bí mo bá ń fọ aṣọ àwọn ìbejì lálẹ́. Bóyá alẹ́ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òru ni ìrònú ń kó yín.

Aláró_Ìtòkú:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Bàbá, mo dúpẹ́ sà. Láàárọ̀ yìí mo gbé ọwọ́ lé orí, mo ní: "Orí mi, sìn mí dé Ìtòkú. Jẹ́ kí n rí ẹni tó máa ra aṣọ mi. Jẹ́ kí n lè bá ẹni tí mo jẹ lówó sọ̀rọ̀ láìfi ojú pamọ́." Ọmọ mi obìnrin tó ń mura ilé ìwé ló ṣe àmín. Mo ti kúrò nínú gúrúpù yẹn. Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n kọjá sí Aro tààrà, àbí kí n kọ́kọ́ lọ síbòmíì?

Nọ́ọ̀sì_Leeds:
Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín mà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ẹ sọ ti àìsùn náà fún wọn, ẹ sì sọ iye ìgbà tó ti ń ṣe yín. Bó bá yẹ kí ẹ dé Aro, wọ́n á kọ ìwé lé yín lọ́wọ́. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù kí ọjà tó kún.