Ọmọ ajá méjì, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń jáde nílé. Kí ni kí n ṣe?

Omo_Ijesa_Kubwa:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ajá ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ bímọ, ló bá kó méjì fún mi, akọ kan abo kan, mi ò lè ní mi ò gbà torí ọ̀gá ni, ká má sì purọ́ ojú wọn ti wọ̀ mí lọ́kàn. Alsatian ni bàbá wọn, ìyá wọn jẹ́ ajá ìbílẹ̀ tiwa-ń-tiwa. Wọ́n á ti tó ọ̀sẹ̀ méje báyìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi nìkan ni mò ń dá gbé, ìyàwó mi ṣì wà n'Ìbàdàn, tiráńsífà ẹ̀ ò tíì jáde. Kubwa l'Abuja níbí ni mò ń gbé, Secretariat ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn láàárọ̀ ẹ ò nílò àlàyé. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ mo ti jáde, ìgbà míì aago méje alẹ́ ni mo tó wọlé.

Kíṣìnnì ni mo ń tì wọ́n mọ́, màá bu oúnjẹ kún abọ́, màá gbé omi sílẹ̀. Lánàá tí mo dé, háà! Ìgbẹ́ lórí táìlì, ìgbẹ́ lára ògiri (bó ṣe débẹ̀ ò yé mi títí di ìsinsìnyí), wọ́n ti da omi nù, wọ́n jẹ sílípáàsì mi ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún ń gé wáyà fíríìjì jẹ, kò síná ló yọ wọ́n. Bí mo ṣe ń nulẹ̀ lọ́wọ́ ni aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn, ó ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Làńlọ́ọ̀dù ò tíì gbọ́. Tó bá gbọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣé ó máa mọ́ wọn lára tó bá yá, àbí kí n dá wọn padà? Ṣé kí n ra kéèjì ni? Ẹnì kan ní kí n so wọ́n mọ́lẹ̀ níta.

Baba_Lugbe:

Fọkàn balẹ̀ jàre. Ajá lajá ń jẹ́. Nílé bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ta ló ń jókòó ti ajá? Wọ́n á jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á sùn sábẹ́ ẹ̀rù igi, wọ́n á dàgbà, wọ́n á máa tẹ̀ lé ọdẹ lọ sóko. So wọ́n mọ́dìí máńgòrò kó o máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ti sọ ajá di ọmọ.

Iya_Ejire_Gwarinpa:

Baba Lúgbẹ, ẹ má bínú sà, ajá ilé bàbá yín ò dá wà rárá. Ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀, màmá àgbà wà lẹ́yìnkùlé tó ń bó ẹ̀gúsí, ọmọdé mẹ́wàá ń sáré kiri, ìgbà wo nilé ń dá? Ṣé bákan náà ni pẹ̀lú kí wọ́n ti ọmọ ọ̀sẹ̀ méje mọ́ kíṣìnnì fún wákàtí mẹ́tàlá? Ti ìdí igi yẹn wá, nínú oòrùn oṣù kẹta Abuja yìí, òjìji tó wà níbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, tó bá fi máa di aago méjì ó ti ṣí lọ, okùn ò sì ní jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé e.

Àbúrò, ìwọ gbọ́. Èmi náà ti ṣe é rí, mo ń jáde láàárọ̀ ajá ń sunkún, èmi náà ń sunkún nínú mọ́tò. Ohun tó yọ mí ni pé mo wá ẹni tó ń yọjú sí i lọ́sàn-án, mò ń fún un lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ béèrè dáadáa kó o tó bẹ ẹnikẹ́ni o. Mẹ́gáádì wa ni mo kọ́kọ́ lọ bá, èèyàn dáadáa ni, ó ní òun á gbálẹ̀, òun á fọ mọ́tò, ṣùgbọ́n ajá, rárá, òun ò fẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kan aṣọ tóun fi ń kírun. Mo ní kò burú, mi ò bá a jà. Obìnrin Gbagyi kan tó ń sun àgbàdo lẹ́nu géètì wa ló gbà á ṣe. Ó ń wọlé láago mẹ́wàá, ó tún ń wọlé láago méjì, yóò gbé e síta kó tọ̀, yóò fún un lóúnjẹ, yóò bá a ṣeré díẹ̀. Ó wá di pé ajá fẹ́ràn obìnrin yẹn jù mí lọ, ìyẹn ò tíì tán nínú mi.

Kó wọn kúrò ní kíṣìnnì yẹn lónìí o! Gáàsì, májèlé eku, àlùbọ́sà nínú apẹ̀rẹ̀ (àlùbọ́sà ò dáa fún ajá, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́), Sniper (oògùn apakòkòrò) táwọn èèyàn ń tọ́jú sábẹ́ síńkì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Alabere_Eranko_KD:

Kíníkì ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna, irú ọ̀rọ̀ yìí la máa ń gbọ́ ní gbogbo Monday. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ọ̀sẹ̀ méje ti kéré jù. Ó kéré tán kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá wọn, torí lára ìyá àtàwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọn ò ṣe ní máa géèyàn jẹ. Tí ìyá wọn bá ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbà wọ́n padà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sí i, kì í ṣe ìtìjú.

Ti ìgbẹ́ àti ìtọ̀ yẹn, ẹ má nà wọ́n o, kì í ṣe ìwà burúkú. Àpò ìtọ̀ wọn ló kéré. Ìṣirò tá à ń lò ni pé kẹ́ ẹ ka oṣù tó ti lò, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan lé e, wákàtí tó lè mú un mọ́ra kò ní ju ìyẹn lọ. Ọmọ oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta, ìyẹn náà tó bá gbìyànjú. Wákàtí mẹ́tàlá ńkọ́? Oúnjẹ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́ ni, díẹ̀díẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bù kún abọ́ láàárọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà kí ebi tó tún dé lọ́sàn-án, tàbí kó kan nínú ooru.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà á? Ẹ ò mẹ́nu bà á, ẹ̀rù bà mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ la ti ń fún wọn ní àkọ́kọ́, a ó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi ní tiẹ̀, ó di oṣù mẹ́ta. Parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, là ń sá fún jù. Ọmọ ajá á kọ oúnjẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á máa ṣu ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti lọ. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí náà ẹni tó bá ń yọjú sí wọn lọ́sàn-án, kó má kó wọn lọ síbi tí ajá àdúgbò ń ṣu sí. Ní kọ́rídọ̀ yín tàbí ibi tẹ́ ẹ bá ti fi bílíìṣì fọ̀ ni kí wọ́n wà.

Ooru náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, ahọ́n ló fi ń tu ara ẹ̀ lára. Táìlì dáa fún wọn, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, abọ́ omi tó wúwo tí wọn ò lè dà nù, méjì.

Omo_Ekimogun:

Ọmọ Oǹdó ni mí, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, MI Ò JẸ Ẹ́. Ajá mẹ́ta ni mo ní ní Mararaba, wọ́n ṣì wà láàyè gbogbo wọn 😂

Torí ẹ ni mo fi ní kẹ́ ẹ má so wọ́n síta níbi tí kò ti sí fẹ́ǹsì, àwọn tó ń ta 404 (ẹran ajá) ò jìnnà sí wa níbí, ọmọ ajá tó sanra ò ní pẹ́ níta. Kéèjì dáa ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ọjọ́, ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń sùn ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kẹ́ ẹ wá fi pákó dínà kọ́rídọ̀ kí wọ́n ráyè rìn. Ẹkún yẹn náà, ẹ̀ ń fò lọ sí òpin ọ̀rọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ jáde ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ padà, ẹ ṣe mẹ́wàá, ẹ ṣe ọgbọ̀n, títí á fi yé wọn pé ẹni tó jáde máa ń padà wálé. Tẹ́ ẹ bá sì ń jáde ẹ má dúró máa dì mọ́ wọn, ẹ kàn máa lọ.

Baba_Lugbe:

Mo ti gbọ́ o. Àmọ́ ajá tèmi ò gbabẹ́rẹ́ kankan, ọdún mẹ́sàn-án ló lò.

Alabere_Eranko_KD:

Ẹ̀yin lẹ rí èyí tó lo ọdún mẹ́sàn-án, sà. Àwọn tí ò pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gbé wá bá wa.

Omo_Ijesa_Kubwa:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, wọn ò tíì gbabẹ́rẹ́ kankan, ọ̀gá ní òun rò pé èmi ni màá ṣe é. Mo ti kó wọn padà lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn lánàá, ó ń lá wọn lójú, wọ́n gbàgbé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ti gbà kí wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ẹranko máa wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì la jọ máa san án.

Aládùúgbò tó wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ilé ló ti ń ránṣọ. A sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin ní òun fẹ́ èyí abo. Ìyá ní òun máa rò ó, àmọ́ mo rí i tó ń wọn àjákù aṣọ kan bí ẹni fẹ́ rán bẹ́ẹ̀dì kékeré. Tó bá gbà, akọ nìkan ló kù mí kù, ìyá náà sì ti ní òun á máa ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án tí mo bá fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti gba líìfù ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó máa padà dé, a ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Sílípáàsì mi ló kù. Ẹsẹ̀ òsì.