Ṣé «àmì-iná» ni ká pè é? Ọ̀rọ̀ lórí ohun tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tó ní àrùn awọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá, «àmì-iná-àrùn-awọ», fún CRP, haptoglobin àti irú wọn, àwọn purotéènì tí láàbù ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ fi «Iná kú, ó feérú bojú» gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ má bínú, n kò gbà á.

Ẹ jẹ́ ká mú «iná». Ọwọ́ Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá iná tirẹ̀, èyí tó wà nínú «inflammation». Ta ló yá a fún wa? Ẹ sọ pé ajá ní iná, iná orí ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ẹni tó ni ín lọ́kàn. Ohùn kan náà ni. Ajá tó ń họra la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀! Yóò lọ ra oògùn apakòkòrò, yóò fi wẹ ajá tó jẹ́ pé egbò ọlọ́yún ló ń bá a jà.

Èyí tó dùn mí jù ni «àmì». Àmì a máa dúró. Ilà ojú, àpá, ojú ibi tí irun ti re, àmì nìyẹn. CRP kì í dúró. Lára ajá tó le koko, kì í sábà kọjá mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Bí kòkòrò bá wọ abẹ́ awọ lọ jìnnà, ó ti lè máa gòkè láàárín wákàtí 6, á sì dé góńgó láàárín wákàtí 24 sí 48. Bí oògùn bá mú un, á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, irun kò sì tíì hù padà. Eérú òwe yín dà níbẹ̀? Ohun tó ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, atọ́ka ni. Atọ́ka ìwúlé, ìyẹn inflammation.

Ẹnìkan ti ní ká pè é ní «olùtọ́ka». Rárá o. Ènìyàn ni olù- ń bí: olùkọ́, olùṣọ́. A- ló ń bí irinṣẹ́: abẹ, asẹ́.

Ẹ yọ «awọ» náà kúrò. CRP kò mọ awọ. Ibà eégbọn, ilé-ọmọ tó kún fún ọyún, iṣẹ́ abẹ àná, gbogbo wọn ló ń gbé e sókè. Orúkọ tó bá so ó mọ́ awọ yóò mú kí wọ́n máa kọ oògùn awọ fún ajá tí eégbọn ti kó Babesia, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, ràn.

Ẹni tó bá sì ń túmọ̀ ìlànà, kó má kọ «gba ẹ̀jẹ̀» lásán. Ìgò ọlọ́mọrí pupa ni ti CRP: kí ẹ̀jẹ̀ dì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i, kí ẹ sì fa omi òkè rẹ̀ nìkan. Ọlọ́mọrí àlùkò ni fún kíka neutrophil àti lymphocyte, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ méjì. Bí omi náà bá pọ́n nítorí pé ẹ̀jẹ̀ fọ́, haptoglobin ti bàjẹ́ nìyẹn, torí haemoglobin, èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, ló ń dì mọ́. Prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù, náà ń gbé haptoglobin ajá sókè, ó ń fi kún neutrophil, ó ń dín lymphocyte kù. Àrùn lè máa rọlẹ̀ kí òǹkà máa gòkè. Kì í gbé CRP sókè bẹ́ẹ̀. Kí láàbù sì lo èròjà àyẹ̀wò ti ajá, torí ti ènìyàn lè ṣi CRP ajá kà.

*Èsì:*

Àbúrò, mo gbọ́ ti iná orí, mo sì gbà. «Ìwúlé» ńkọ́? Ajá tó ní atopic, àléjì awọ, etí rẹ̀ á pọ́n, á máa lá ẹsẹ̀, awọ á gbóná, kò sì ní wú. Àwọn àgbà ọdẹ tó sin ajá kí a tó bí wa mọ ìyàtọ̀ wíwú sí pípọ́n. Ìwúlé wo lo rí níbẹ̀?

*Èsì:*

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Bó bá jẹ́ atopic lásán, CRP kì í sábà kúrò lójú kan. Ibi tí egbò bá ti jinlẹ̀, tó wú, tó ń ṣọyún, ibẹ̀ ló ti ń fò. Ojú la fi ń wọ̀n pípọ́n, nípa CADESI-04, ìlànà tí dókítà ajá fi ń fún egbò awọ ní máàkì. Ẹni tó ni ajá ló sì ń fún yíyún ní máàkì, láti 0 dé 10. Níbi tí kò bá ti sí ìwúlé, atọ́ka kò ní nǹkan tí yóò tọ́ka sí.

*Èsì:*

Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ní ènìyàn nìkan ni olù- ń bí, o sì fi olùṣọ́ ṣe ẹ̀rí. Ajá tó ń ṣọ́ ilé fún ọ, kí lo ń pè é?