Ẹ̀gbọ́n tí mo fi ṣe àwòkọ́ṣe fẹ́ fi eré sísá pa mí o. Báwo ni kí n ṣe sọ fún un?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá bá yín.

Los Baños ni mo wà, ní Filipínì, ìlú tí IRRI wà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí ìrẹsì fún gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ nípa ìrẹsì náà ló gbé mi dé ibí. Nígbà tí mo dé, ara mi wúwo, mi ò rí oorun sùn dáadáa, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo pápá Freedom Park nínú ọgbà yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn di eré díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀gbọ́n yìí.

Níbí, "Kuya" ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, "Ate" ni ti obìnrin, èèyàn kì í pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ gbàgà. Bí ẹ bá rí bí ọmọ ṣe ń gba ọwọ́ àgbà, tí yóò fi kan iwájú orí ara rẹ̀ láti kí i, ẹ ó ní ará ilé wa ni wọ́n. Nítorí náà, Kuya ni màá máa pè é.

Kuya ti pé ẹni ọdún 53. Oko ìrẹsì tí wọ́n fi ń dán irúgbìn wò ló ń tọ́jú. Ó gbẹ bí ẹja kíká, àmọ́ máràtọ́ọ̀nù lásán kọ́ ló ń sá o. Ó ti sá BDM 102 (Bataan Death March, ìrìn ikú Bataan) ní ẹ̀ẹ̀mẹta: kìlómítà 102, láti Mariveles ní Bataan títí dé San Fernando ní Pampanga, wákàtí 18 péré ni wọ́n sì fún èèyàn láti fi parí rẹ̀. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà ṣeréṣeré. Ní oṣù April 1942, àwọn ọmọ ogun Japan fi ẹsẹ̀ da àwọn ọmọ ogun Filipínì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní Bataan gba ibẹ̀. Òùngbẹ, ebi àti ìdà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì, Jovenal Narcise, tí àwọn asáré mọ̀ sí Bald Runner, ló dá eré náà sílẹ̀ ní 2009. Òkúta funfun tó ń ka kìlómítà wà lẹ́bàá títì, Kuya sì sọ fún mi pé òun kì í ka kìlómítà tòun bí òun bá ń sá a, òkúta lòun ń kí. Àbúrò bàbá rẹ̀ àgbà gba ọ̀nà yẹn lọ, kò padà wálé mọ́.

Ọjọ́ tó sọ ìyẹn ni ojú tí mo fi ń wò ó yí padà. Mo fẹ́ dà bíi tirẹ̀.

Wàyí o, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún máràtọ́ọ̀nù kan ní Manila, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. (Aago mẹ́ta òru ni wọn yóò yìnbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré, torí oòrùn ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.) Kuya ní òun á máa bá mi sáré ní Sọ́ńdè. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, kìlómítà 18. Èkejì, 24. Ẹ̀kẹta, 30, lójú ọ̀nà tó ń gòkè lọ sí ìdí òkè Makiling, eré burúkú. Lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan, yóò bojú wẹ̀yìn, á ní "Kaya pa?" Ìyẹn ni, ṣé agbára ṣì wà? Èmi á dáhùn: "Kaya!" Kódà nígbà tí mi ò ríran mọ́, "Kaya!" náà ni.

Ojúgun mi òsì ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, tiro ni mò ń tiro. Mo ń lo ibuprofen kí n tó jáde, kí n lè bá Kuya dọ́gba.

Ohun tó tún ń rú mi lójú ni Ate kan níbi iṣẹ́ wa. Máràtọ́ọ̀nù kan náà lòun náà ń múra fún. Ọmọ ìlú Kuya ni, fọ́tò Kuya ní San Fernando, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ló wà lójú fóònù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kuya, orí Ate á wú. Síbẹ̀, kò bá a sáré rí. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Èmi ń wò ó ni. Ta ló ní kí n lé e?" Mo rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é nígbà yẹn.

Ìbéèrè mi: ṣé kí n dúró ni, àbí kí n fara dà á? Bí mo bá sì fẹ́ dúró, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún àgbà tó ń jí láago mẹ́ta òru nítorí mi? Ẹ má sọ pé kí n jáwọ́ pátápátá o, mo ti sanwó.

Ẹsẹ̀ Ìjàpá, Èkó:
Àbúrò, kú ewu. Mo ti sá ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin kan láti Sùrùlérè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Orí Third Mainland ni mo ti mọ̀ pé mo ti kú. Mo rìn lọ sí Eko Atlantic, àwọn tó ń ta píọ́ wọ́tà ń bá mi kẹ́dùn. 18, 24, 30 ní Sọ́ńdè mẹ́ta? Ìyẹn kì í ṣe ìgbaradì, ìyà ni. Eré gígùn gbọ́dọ̀ rọra pọ̀ sí i ni, kí ọ̀sẹ̀ kan sì máa wà láàárín tí wàá dín in kù kí ara lè tún ara ṣe. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn tèmi báyìí ni pé bí mi ò bá lè pa àlọ́ ìjàpá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí hẹlẹ, eré yẹn ti pọ̀jù. O ò sì nílò kí o sá kìlómítà 42 tí máràtọ́ọ̀nù jẹ́ kí ọjọ́ tó pé. 30 tàbí 32 ti tó, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, dín in kù gan-an.

Nọ́ọ̀sì, Leeds:
Ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀ ná. Fi ìka kan tẹ ojúgun yẹn. Ṣé ojú kan ṣoṣo ló ń dùn ọ́, àbí ó ràn gba ibi gígùn lórí egungun? Ṣé ó ń dùn ọ́ lóru tí o bá dùbúlẹ̀? Bí o bá fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò, ṣé o lè fò ó? Bó bá jẹ́ ojú kan, tó ń dùn lóru, tí o ò sì lè fò, egungun lè ti ń sán. X-ray lè má fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kí X-ray tó mọ́ tàn ọ́ bí ìrora kò bá lọ. Jọ̀ọ́, jáwọ́ nínú ibuprofen ṣáájú eré. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, tí omi ti gbẹ lára, kíndìnrín lo ń fi ta tẹ́tẹ́. Ìrora ni agogo tí ara ń lù, ìwọ sì ń fi òwú dí i lẹ́nu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ta ló sọ fún ẹ pé Kẹ́ńyà ni wá? Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 lọ́dún 2022, kò sẹ́ni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé kó tó dé. Irú tiwa nìyẹn, ká sá a kíá ká lọ jẹun. Wákàtí 18! Láti Èkó dé Ilọrin kò tó bẹ́ẹ̀, kódà tí mọ́tò bá bà jẹ́.

Ẹni tó béèrè:
@Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé mà. Ó ràn ni, bí ìbú ọwọ́ kan. Kì í dùn mí lóru, mo fò, mo sì fò ó, àmọ́ omijé bọ́. Mo ti kó ibuprofen fún ẹlòmíì. Ní ti oúnjẹ, Kuya ò fi mí ṣeré: suman ló máa ń gbé wá, ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé bí ẹ̀kọ, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ saba bíbọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, àti omi àgbọn. Òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn, èmi kò gbé nǹkan kan. Ẹ rí i pé ojú á tì mí.

Akin Houston:
Èmi ò gbà o. Bí mo bá rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó máa bá mi sáré lọ́fẹ̀ẹ́, màá fara dà á. Ìrora kì í pani.

Nọ́ọ̀sì, Leeds:
@Akin Houston, wá bá mi ṣe iṣẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù àwọn eléegun, ká jọ wo ẹni tí ìrora kì í pa.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ọmọ mi, ti ẹsẹ̀ ti rí oníṣègùn, ti ẹnu ló kù. Má lọ sọ ọ́ lójú ọ̀nà tí ẹ ti ń sáré, ibẹ̀ ni yóò ti dà bí ìráhùn. Lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́, mú nǹkan dání. Má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ ń sáré jù". Bi í léèrè bí ọdún àkọ́kọ́ tiẹ̀ ṣe rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bàtà Kuya lò ń wò, o ò mọ iye èyí tó ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, tìẹ á rí àyè jáde. Ọmọbìnrin tó ń wò ó láì lé e yẹn, òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín.

Ẹni tó béèrè, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá:
Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Dókítà ní egungun ò sán, awọ tó bo egungun ló ń bínú. Ó ní kí n má sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa gun kẹ̀kẹ́.

Mo gbé suman lọ sílé Kuya bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó ní ọdún àkọ́kọ́, òun ò lè yípo Freedom Park lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́fà gbáko kọjá kí òun tó dé Mariveles. Ibẹ̀ ni mo ti ká ṣòkòtò sókè, mo fi ojúgun hàn án.

Kuya dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí ohùn padà, ó ní òun gbọ́ pé Áfíríkà ni mo ti wá, òun rò pé eré òun ń sú mi ni! Ó ní òun kì í sùn mọ́ ní òru Sátidé, pé orúnkún òun ti wú, pé ọgbọ́n tí òun ń dá ni kí òun máa béèrè "Kaya pa?" bóyá mo lè sọ lọ́jọ́ kan pé ó tì, kí àwa méjèèjì lè rìn. Àní láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́!

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, kò dá sí i. Ó kàn gbé omi gbígbóná àti ìnura méjì wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ṣé o fi fọ́tò Tobi Amusan hàn án?

Ẹni tó béèrè:
Mo fi hàn án. Ó ní kí n máà tíì fi han Ate. Mo ti ní kí wọ́n yí tèmi sí kìlómítà 21, Ate ló máa dúró tì mí ní ìbẹ̀rẹ̀ kí òun tó lọ sá 42 tiẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní "Kaya pa?" lọ́jọ́ náà, kí n sọ òótọ́.