Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ yìí ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àtọ̀gbẹ ti wà lára màmá mi tipẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá ṣe ẹsẹ̀ wọn, dọ́kítà ṣúgà á ní ká lọ rí oníṣẹ́ abẹ, oníṣẹ́ abẹ á ní ká lọ yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn yẹn á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní báyìí, ọsibítù wa ti kó gbogbo wọn jọ sójú kan, lọ́jọ́ kan náà, títí kan nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò. Inú mi dùn sí i gan-an.

Wọ́n wá ní kí àwa ẹbí aláìsàn yan ẹni tí yóò bá wọn wò ó bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n yàn. Iye èèyàn tó ń wá lóṣooṣù nìkan ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Èrò lè kún ilé, kí wọ́n ṣì máa gé ẹsẹ̀ èèyàn. Kí ni kí n ní kí wọ́n fi hàn mí?

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́, Gwagwalada:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá, mà. Láti ọjọ́ tí aláìsàn ti rí egbò títí dé ọjọ́ tí ẹni tó mọṣẹ́ fọwọ́ kàn án, ọjọ́ mélòó ni? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní MEDFUN tẹ̀ lé èèyàn 336 tó ní egbò yìí ní ọsibítù ńlá 6 ní Nàìjíríà. 119 nínú wọn ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ìbáà ṣe ìka tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ní kí wọ́n fi ẹni tó ní egbò ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ẹsẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 1.

Ẹ wo ẹsẹ̀ tí kò ní egbò náà. Ẹ mú fáìlì bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà aláìsàn. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan wà: aláìsàn á dijú, a ó fi okùn náà tẹ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ títí okùn á fi tẹ̀ díẹ̀. Agbára giramu 10 nìyẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹsẹ̀ yẹn ti kú, iná lè jó o kó má mọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì ti ní egbò rí, ìlànà IWGDF, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù 1 sí 3 síra. Ta ló ń pè é bí kò bá wá?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ka gígé ìka mọ́ gígé ẹsẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ìka kan tí wọ́n tètè gé lè gba odindi ẹsẹ̀ là.

Bàbá Alájọ, Nyanya:
Aláìsàn ni èmi fúnra mi. Ibi tí mò ń lọ, wọ́n ní ojú kan ni gbogbo ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ibi ìsanwó wà ní ilé kejì, ilé oògùn wà lódìkejì ọgbà. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fi egbò tẹlẹ̀, wọ́n tún ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀! Ó dùn mí. Ìyá Ìbejì, ẹ fẹsẹ̀ ara yín tẹ̀ lé aláìsàn kan láti géètì títí tó fi gba oògùn. Kẹ́ ẹ sì wá àwọn tí kò wá mọ́ kàn, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá owó ọkọ̀ tàbí owó báńdéèjì ló lé wọn.

Ọmọ Ìjọ, Lugbe:
Aláṣọ funfun ni wá, a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ní oṣù kẹta, kọ́ńkéré Abuja ń jó bí ààrò. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń bi aláìsàn níbi tó ti máa ń rìn láìwọ bàtà.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì, bí kò bá sí ọjọ́ tí egbò bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́, Gwagwalada:
Kò ní sí nínú ọ̀pọ̀ wọn, mà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì láti ìsinsìnyí: ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ rí egbò. Kí ẹni tó ń gba káàdì béèrè kí aláìsàn tó jókòó. Bí kò bá rántí, kí ó bi í bóyá ó ti wà kí ọdún iléyá tàbí Kérésì tó kọjá tó dé, á rántí ìyẹn.