Lórí «àlàfo ohùn» àti «ìlọ́po ohùn» nínú orin Íńdíà àti ti Yúróòpù

Nígbà tí a ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ orin, ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé «àlàfo ohùn» ni kí a máa pe ohun tó wà láàárín ohùn orin méjì, àti pé «ìdajì ohùn» ni kí a máa pe ṣúrútì, ìgbésẹ̀ ohùn kékeré tí àwọn olórin Íńdíà ń ka 22 rẹ̀ láti Sa ìsàlẹ̀ dé Sa òkè (Sa, Ri, Ga, Ma, Pa, Dha, Ni ni orúkọ ohùn méje wọn, bíi dò-rè-mí). Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ìsọdipúpọ̀ ni ìṣirò tó so àwọn ohùn pọ̀ nínú orin Íńdíà àti ti Yúróòpù, kì í ṣe ìròpọ̀.

Bí okùn kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì pe ohùn rẹ̀ ní Sa, ìgbà 360 ni Pa yóò máa gbọ̀n. Bí Sa bá jẹ́ 300, Pa yóò di 450. Ìyàtọ̀ ti kúrò ní 120, ó ti di 150, síbẹ̀ etí gbà pé ọ̀kan náà ni. Ohun tí kò yí padà ni ìlọ́po kan àti ààbọ̀, òun náà ló sì wà láàárín dò àti sò ti àwọn ará Yúróòpù. «Àlàfo» kò lè gbé ìyẹn. «Ìlọ́po ohùn» ni mo fara mọ́, nítorí gbogbo wa ti ń sọ pé nǹkan jẹ́ ìlọ́po méjì òmíràn, bí Sa òkè ti jẹ́ sí Sa ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ti ṣúrútì, píánò òde òní pín ìlọ́po méjì yìí sí ìlọ́po 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 1.0595, bí a bá sọ méje nínú wọn di púpọ̀ pọ̀, 1.4983 la ó rí, kò pé 1.5. Ṣúrútì kò dọ́gba bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò, òmíràn jẹ́ 256 tí a fi 243 pín, òmíràn 25 tí a fi 24 pín, èyí tó kéré jù sì jẹ́ 81 tí a fi 80 pín. Ìdajì kí ni ìwọ̀nyí? Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé All India Radio, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba Íńdíà, fòfin de hamóníọ̀mù, ohun èlò orin olóhùn àtẹ̀jáde bíi píánò tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, láti 1940 títí di 1971, ara ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án ni pé bọ́tìnnì rẹ̀ kò lè mú ṣúrútì jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi «ṣúrútì» sílẹ̀ bó ṣe wà.

«Àtẹ ohùn» tí ẹ̀gbọ́n dá lábàá fún mẹ́lákátà, ètò tí orin gúúsù Íńdíà fi ń to àwọn ọ̀wọ́ ohùn méje-méje, dára púpọ̀. Àtẹ ni Venkatamakhin, onímọ̀ orin gúúsù Íńdíà, tò lóòótọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún: Ma méjì, ọ̀nà mẹ́fà fún Ri àti Ga, mẹ́fà fún Dha àti Ni, èyí tó fún un ní 72. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Shankarabharanam, bá dò-rè-mí ti Yúróòpù mu ní ohùn méjèèje.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí a jọ yanjú ni bóyá kí «ohùn» máa tẹ̀ lé «ìlọ́po» nígbà gbogbo, kí ó má baà dàrú mọ́ ìlọ́po inú ìwé ìṣirò.